Oseltamivir, baloxavir, zanamivir, peramivir: èwo ló bá ara ta mu nígbà tí flu bá dé?

Oògùn mẹ́rin ni dókítà sábà máa ń kọ fún ẹni tí àrùn flu mú. Oseltamivir ni àkọ́kọ́, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Tamiflu. Baloxavir ni wọ́n ń tà ní Xofluza, zanamivir ni Relenza, peramivir sì ni Rapivab. Ohun tí aláìsàn sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé èwo ló lágbára jù nínú wọn. Ìbéèrè yẹn kì í gbé èèyàn jìnnà. Tí ẹni tí kò ní àìsàn mìíràn lára bá tètè lò wọ́n, nǹkan bí ọjọ́ kan ni wọ́n máa ń dín kù nínú iye ọjọ́ tí àìsàn náà yóò fi wà lára rẹ̀, èyíkéyìí tí ì báà jẹ́. Ara tí wọ́n ń wọ̀ ló mú kí wọ́n yàtọ̀ síra. Èyí tó rọrùn jù fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le kò yẹ fún aboyún, èyí tí aboyún sì lè lò lè pọ̀ jù fún àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹni tó ń ṣàìsàn ni ká kọ́kọ́ wò, ká tó wo oògùn.

Aago ló ṣáájú

Àárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kòkòrò flu máa ń bí sí i jù lọ. Àwọn oògùn yìí kì í tún ohun tó ti bà jẹ́ ṣe. Iṣẹ́ wọn ni láti má ṣe jẹ́ kí kòkòrò náà máa pọ̀ sí i. Ìdí rèé tí wọ́n fi ní kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ wọn láàárín wákàtí 48. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ìgbà tí ibà, òtútù tàbí ara ríro kọ́kọ́ dé la ti ń ka wákàtí náà, kì í ṣe ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé, tó wá rí dókítà ní aago kan ọ̀sán Ọjọ́rú, ti ná wákàtí 40 níbẹ̀. Bí ó bá tún di ọjọ́ kejì kí ó tó ra oògùn náà, àǹfààní tó kù kò tó nǹkan mọ́.

Ṣùgbọ́n wákàtí 48 kì í ṣe ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Ẹni tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn, ẹni tí àìsàn náà ń le sí i lára rẹ̀, àti ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀, ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn bí wákàtí náà bá tilẹ̀ ti kọjá. Kí wọ́n má sì dúró de èsì àyẹ̀wò, nítorí àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń fi òwú imú ṣe lè sọ pé flu kò sí nígbà tó wà.

Àwọn tí ewu wọn pọ̀ ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, pàápàá èyí tí kò tíì pé ọdún 2. Ẹni tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ní asthma, àtọ̀gbẹ, sickle cell, àìsàn ọkàn, ti kíndìnrín tàbí ti ẹ̀dọ̀. Ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti dínkù. Àti ẹni tó sanra jù. Ẹni tí kò sí nínú wọn, tí kò sì ṣòro fún láti mí, lè má nílò ìkankan nínú oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìsinmi, omi mímu dáadáa àti paracetamol lè tó o. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán ni, owó àti ìnira lásán ni oògùn flu máa jẹ́ fún un, torí kì í ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò ọ̀fìnkìn. Oògùn tó ń pa bakitéríà pẹ̀lú kì í ṣe flu ní nǹkan kan.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Oseltamivir | Baloxavir | Zanamivir | Peramivir |
|---|---|---|---|---|
| Bí a ṣe ń lò ó | kápúsù tàbí oògùn olómi | tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí oògùn olómi | ìyẹ̀fun tí a ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró | dírípù sínú iṣan |
| Ìlò àgbàlagbà | 75 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ọjọ́ 5 | ẹ̀ẹ̀kan péré, 40 mg tàbí 80 mg | 10 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ọjọ́ 5 | 600 mg lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 15 sí 30 |
| Ọjọ́ orí tí FDA (àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà) fọwọ́ sí fún ìtọ́jú | láti ọjọ́ 14 | láti ọdún 5 | láti ọdún 7 | láti oṣù 6 |
| Aboyún | òun la kọ́kọ́ ń yàn | kò yẹ | dókítà ló máa pinnu | dókítà ló máa pinnu |
| Kíndìnrín tí kò dáa | dín ìlò kù | kì í sábà nílò àyípadà | kì í sábà nílò àyípadà | dín ìlò kù |
| Ohun tó ń dààmú jù | inú rírú, èébì | ohun mímu tó ní wàrà àti calcium | èémí tó ń há | ìgbẹ́ gbuuru |

Ọjọ́ orí tó wà nínú àtẹ yìí lè yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tó bá oògùn yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Oseltamivir tàbí baloxavir

Àárín méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ìyàn ti máa ń wáyé, torí ẹnu ni wọ́n ń gbà lo méjèèjì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ kò jọra. Bí kòkòrò flu bá ti bímọ tán nínú sẹ́ẹ̀lì kan, àwọn ọmọ náà ní láti já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì yẹn kí wọ́n tó lè lọ bá òmíràn. Oseltamivir ń dí ohun tó ń já wọn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni zanamivir àti peramivir ṣe ń ṣiṣẹ́. Baloxavir ti dé ibẹ̀ ṣáájú: kò tilẹ̀ jẹ́ kí kòkòrò náà ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà ni kòkòrò inú imú ṣe ń tètè dínkù lára ẹni tó lò ó, ìwádìí kan tó jáde ní 2025 sì fi hàn pé ẹni tó lò ó kì í fi bẹ́ẹ̀ kó àrùn náà ran àwọn ará ilé rẹ̀ bíi ti ẹni tí kò lò ó.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo baloxavir. Ẹni tó máa ń gbàgbé oògùn, tàbí tó máa ń jáwọ́ bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀, òun ló bá mu jù. Fún flu irú B (irú A àti irú B ló sábà máa ń mú èèyàn), ìwádìí CAPSTONE-2 rí i pé láàárín àwọn tí ewu wọn pọ̀, àìsàn fi nǹkan bíi wákàtí 27 yá kúrò lára àwọn tó lo baloxavir ju àwọn tó lo oseltamivir lọ. Ìyàtọ̀ yẹn tóbi. Ní September 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi baloxavir sínú ìmọ̀ràn rẹ̀ fún ẹni tí flu rẹ̀ kò tíì le ṣùgbọ́n tí ó ṣeé ṣe kó le.

Kí ni ó wá ń mú kí a ṣọ́ra fún un? Àkọ́kọ́, bó bá ti wọnú ara, kò ṣeé dá padà. Ó máa ń gbà á tó wákàtí 79 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí oseltamivir bá fa wàhálà, a lè dá a dúró kí a má lo èyí tó kàn. Ti baloxavir kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkejì, calcium, iron, magnesium, zinc àti selenium máa ń so mọ́ ọn nínú ìfun, díẹ̀ ló sì máa wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi wàrà, yógọ́ọ̀tì tàbí ohun mímu tí wọ́n fi calcium sí gbé e mì. Ẹ má lò ó pọ̀ mọ́ oògùn tó ń dín kíkan inú kù, oògùn ìyàgbẹ́ tó ní magnesium, tàbí fítámì tó ní àwọn èròjà wọ̀nyí. Omi lásán ló dára jù. Ẹni tó fi ife wàrà mu ún tàn ara rẹ̀ jẹ ni: ó gbà pé òun ti lo oògùn, bẹ́ẹ̀ èyí tó wọ inú ara rẹ̀ lè má tó.

Ìkẹta ni ìwọ̀n ara. Ẹni tó wọn kílò 20 títí dé ìsàlẹ̀ 80 máa lo 40 mg, ẹni tó bá pé kílò 80 máa lo 80 mg. Bó bá kéré sí kílò 20, 2 mg fún kílò kan ni. Èèyàn tó ń fojú díwọ̀n ara rẹ̀ ní kílò 78 nígbà tó jẹ́ 83 ń lo ìdajì ohun tó yẹ kó lò. Ẹ gun òṣùwọ̀n kí ẹ tó sọ kílò yín fún dókítà.

Ìkẹrin, kòkòrò náà lè yí padà kí oògùn má ràn án mọ́. Wọ́n ti rí èyí lára ọmọdé ju àgbàlagbà lọ. Nítorí náà ni wọn kì í fi gba ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti dínkù gan-an níyànjú pé kó lo baloxavir nìkan: kòkòrò máa ń pẹ́ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì ń rí àyè yí padà. Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú náà kò gbọdọ̀ yàn án. Kì í ṣe pé wọ́n ti rí jàǹbá tó ṣe wọ́n. Ẹ̀rí pé kò léwu fún wọn ni kò tíì tó. Oseltamivir ti wà láti 1999, àwọn aboyún tó ti lò ó sì pọ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń kọ́kọ́ nawọ́ sí i fún wọn. Òun náà ni wọ́n máa ń lò fún ẹni tí flu rẹ̀ le tó fi dé orí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n sì lè gbé e gba inú ọ̀pá ìjẹun.

Inú rírú àti èébì ni ẹ̀sùn tó pọ̀ jù lọ nípa oseltamivir. Nínú àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣe, nǹkan bí 10 nínú 100 àgbàlagbà ni inú ń rú, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 6 lára àwọn tí kò lò ó. Ẹ fi oúnjẹ lò ó, kódà bó jẹ́ díẹ̀ ni ẹnu gbà, yóò sì rọrùn sí i. Ọjọ́ kẹta ni ibà sábà máa ń lọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́. Kí ẹ lo ọjọ́ márùn-ún náà pé. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ lò ó bí ẹ bá ti rántí, àfi bó bá ku wákàtí méjì tàbí díẹ̀ sí ìgbà tí òmíràn yóò kàn. Ẹ má lo méjì pọ̀ láti fi dí àlàfo.

Ibi tí oseltamivir ti ń bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́

Kíndìnrín ló ń kó oseltamivir jáde nínú ara. Bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, oògùn á máa ga sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí agbára kíndìnrín rẹ̀ (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń fọ̀ mọ́) wà láàárín 30 sí 60 mL ní ìṣẹ́jú kan máa lo 30 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bó bá wà láàárín 10 sí 30, 30 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yóò gba 30 mg lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́yìn náà 30 mg lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, títí ọjọ́ 5. Ẹni ọdún 80 lè má mọ̀ pé kíndìnrín òun ti rẹ̀, torí kì í dùn ún. Kí ẹni tó bá mú bàbá tàbí ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà béèrè pé: "Ṣé ẹ ti wo creatinine wọn?" Creatinine ni ohun tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Bí wọ́n bá ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́, kí wọ́n mú ìwé rẹ̀ dání.

Ti ọmọdé ló yẹ ká fara balẹ̀ sí jù. Oògùn olómi náà jẹ́ 6 mg nínú mL kan. Ohun tó ń dá àṣìṣe sílẹ̀ ni pé dókítà sọ mg, síríńjì sì fi mL hàn. Òbí rí 45 lórí ìwé, ó sì ń wá 45 lára síríńjì. Fún ọmọ tó ti pé ọdún kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 5:

- kílò 15 sí ìsàlẹ̀: 30 mg, ìyẹn 5 mL
- ju 15 lọ títí dé 23: 45 mg, ìyẹn 7.5 mL
- ju 23 lọ títí dé 40: 60 mg, ìyẹn 10 mL
- ju 40 lọ: 75 mg, ìyẹn 12.5 mL

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tó ti lé ní ọjọ́ 14, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni a fi ń ṣírò: 3 mg fún kílò kan. Ọmọ kílò 7 máa gba 21 mg, èyí jẹ́ 3.5 mL. Kí dókítà ló ṣírò rẹ̀, kí apòògùn sì fi ìlà kan sàmì sí ara síríńjì níbi tí ẹ máa fà á dé. Ṣíbí ilé kò bá ara wọn dọ́gba, ẹ má fi wọn ín. Ẹ gbọn ìgò náà dáadáa kí ẹ tó fà á ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, torí oògùn máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò gbọn ọ́n á fún ọmọ ní omi lásán lọ́jọ́ kìíní, oògùn kíkì lọ́jọ́ karùn-ún. Bí wọ́n bá ti fi omi pò ó, ọjọ́ 17 ló lè lò nínú fìríìjì, ọjọ́ 10 ní ibi tí kò móoru ju 25°C lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n pò ó sára ìgò.

Bí kò bá sí oògùn olómi, a lè ṣí kápúsù. Kápúsù 30 mg, 45 mg àti 75 mg ló wà. Ẹ dì í mú lórí abọ́ kékeré kan, ẹ ṣí i, ẹ da gbogbo ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ohun dídùn díẹ̀ bíi omi ṣúgà tó ki tàbí ṣokoléètì olómi pò ó, torí ó korò. Kí ọmọ náà gbé gbogbo rẹ̀ mì lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ 60 mg ni, kápúsù 30 mg méjì ni ká ṣí. Ẹ má fi ojú pín ìyẹ̀fun 75 mg sí méjì.

Oògùn olómi náà ní sorbitol, ó lè mú kí inú ọmọ tú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba fructose láti ìgbà tí wọ́n ti bí i kò gbọdọ̀ lò ó, kápúsù ni kí wọ́n wá fún un.

Zanamivir àti peramivir, níbi tí wọ́n ti wúlò

Zanamivir kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kíndìnrín àti inú rírú kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bọ́ sí tààrà. Níbẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà: ó lè mú kí ọ̀nà èémí há lójijì, torí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní asthma tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró onígbà pípẹ́ kò yẹ fún un. Lactose tó ní èròjà wàrà díẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun rẹ̀, nítorí náà ẹni tí wàrà máa ń ta lára kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Àpò kékeré méjì, 5 mg ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ìlò kan. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fà á gan-an ni kí ẹ lu àpò náà, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ mí jáde tán, ẹ di ètè mọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà, ẹ fà á sínú kíákíá àti jinlẹ̀, kí ẹ di èémí mú díẹ̀. Ọmọdé àti àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kì í sábà lè ṣe é dáadáa, wọ́n á rò pé àwọn ti lò ó, ìyẹ̀fun á sì kù sórí ahọ́n. Ẹ má ṣe pò ó sínú omi láti fi ẹ̀rọ mí in: lactose inú rẹ̀ lè dí ẹ̀rọ náà, ó sì ti yọrí sí ikú rí.

Peramivir jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì, tí inú rẹ̀ kò sì gba nǹkan dúró, ló máa ń wúlò fún. Ọmọ oṣù 6 títí dé ọdún 12 máa gba 12 mg fún kílò kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá 600 mg. Kíndìnrín ń kó o jáde bíi ti oseltamivir, nítorí náà agbára kíndìnrín tó wà láàárín 30 sí 49 mL ní ìṣẹ́jú kan gba 200 mg nìkan, 10 sí 29 gba 100 mg.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lo amantadine tàbí rimantadine fún flu, ẹ má gbà. Kòkòrò flu irú A tó ń káàkiri ti kọ̀ fún wọn, wọn kò sì ràn irú B rí.

Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń ṣàìsàn nínú ilé

Ẹni tó wà pẹ̀lú aláìsàn tí ewu tirẹ̀ náà sì pọ̀ lè lo oseltamivir 75 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 7 sí 10, bí dókítà bá ṣe sọ, tàbí baloxavir lẹ́ẹ̀kan. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48 tó bá aláìsàn náà pàdé. Àṣìṣe kan máa ń wọ ibí: ẹni tó ń lo ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kò sì yí ìlò padà. Ìdajì ìlò nígbà tí kòkòrò ti ń bí sí i ń fún un láyè láti kọ oògùn. Kí ó pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Oògùn kò rọ́pò àjẹsára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gba àjẹsára flu tí wọ́n ń fọ́n sí imú, tó ní kòkòrò tó wà láàyè, oògùn lè pa á: ẹ dúró wákàtí 48 lẹ́yìn oseltamivir tàbí zanamivir, ọjọ́ 5 lẹ́yìn peramivir, ọjọ́ 17 lẹ́yìn baloxavir.

Ohun tí a ń ṣọ́ lẹ́yìn tí a ti yàn

Ẹ má fi èyí tó ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn, ẹ má sì lo oríṣi méjì pọ̀ láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Paracetamol kò bá wọn jà, àmọ́ ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn yín, torí paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ lè lo ìlọ́po méjì láìmọ̀. Ẹ má fún ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ ní aspirin nígbà flu, ó lè fa àìsàn Reye, tí ń ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ní Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ròyìn ọ̀pọ̀ ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó hùwà àjèjì tàbí sọ ràn-án-ràn-án lẹ́yìn tí wọ́n lo oseltamivir. Flu fúnra rẹ̀ lè fa irú rẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, kí àgbàlagbà kan wà pẹ̀lú ọmọ náà ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé òkè má ṣí sílẹ̀ fún un lóru. Bí awọ ara bá ń yọ tàbí bó, bí ojú tàbí ètè bá wú, ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, bó bá ń mí tìtì, bí àyà bá ń dùn ún, bí ètè rẹ̀ bá dàbí aró, bí gìrì bá mú un, bí a kò bá lè jí i dáadáa, bí ọmọ kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, tàbí bí ibà ti lọ tó sì tún padà pẹ̀lú ikọ́ tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyẹn ìkẹyìn yìí lè jẹ́ bakitéríà tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn flu, oògùn mìíràn ló sì ń fẹ́.